Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wáyà: ohun tó yẹ kó sọ, ibi tó yẹ kó wà, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wáyà ni lẹ́tà àti nọ́ńbà díẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára àlẹ̀mọ́, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ orí wáyà méjèèjì, kí ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀ lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igba mìíràn tó jọ ọ́. Ní yàrá server (kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), ní ilé iṣẹ́ rédíò, nínú pánẹ́ẹ̀lì iná ilé iṣẹ́ ńlá, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń sọ ibi tí orí kejì wà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fa wáyà kó tó mọ̀. Fífà yẹn ni ewu. Wáyà tí a fà níhìn-ín lè yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó, iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ á sì ti dúró kí a tó mọ ohun tí a fọwọ́ kàn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: A03-40:12 / A07-22:05. A03 ni rack (férémù irin tí a ń to ẹ̀rọ sí) kẹta ní ìlà A. 40 ni ipò tí ẹ̀rọ náà wà lára rack, tí a bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ipò kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní U, ga ní mìlímítà 44.45, rack tó wọ́pọ̀ sì máa ń ní 42 nínú wọn. 12 ni ihò kejìlá lára ẹ̀rọ náà. Apá kejì ń sọ orí kejì: rack keje ní ìlà A, ipò 22, ihò karùn-ún. Ẹni tó di orí kan mú ti mọ ibi tí yóò rìn lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń ba irú nọ́ńbà yìí jẹ́. Àwọn rack kan wà tí wọ́n ti tẹ ipò U sí lára láti òkè wá sílẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá wà láàárín àwọn tó kù, ẹ yan ọ̀nà kan fún gbogbo yàrá, kí ẹ bo èyí tí kò bá a mu. Ẹ kọ 03, ẹ má kọ 3, nítorí kọ̀ǹpútà tó bá ń to nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀ á gbé 10 ṣáájú 2. Ẹ yẹra fún lẹ́tà I àti O, torí wọ́n jọ 1 àti 0 lójú ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rack. Nínú pánẹ́ẹ̀lì iná, níbi tí nọ́ńbà kan ṣoṣo lè dá wà lára wáyà tín-ín-rín, ẹ fa ìlà sábẹ́ 6 àti 9. Tí àlẹ̀mọ́ bá dorí kodò, ọ̀kan á di èkejì.

Ohun tí kò yẹ kó wà lára àlẹ̀mọ́ pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. "Kọ̀ǹpútà ọ̀gá", "Ẹ̀ka ìṣirò owó", àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń mọ kọ̀ǹpútà), nọ́ńbà VLAN (apá kan tí a pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí): gbogbo wọn ló ń yí padà nígbà tí wáyà kò kúrò lójú kan. Ọ̀gá á fẹ̀yìn tì, ẹ̀ka á kó lọ sí yàrá mìíràn, ẹnì kan á sì yí VLAN padà láti orí ìjókòó rẹ̀ láì dé ìdí rack rárá. Àlẹ̀mọ́ tó ń purọ́ burú ju àìsí àlẹ̀mọ́ lọ. Wáyà tí kò ní nǹkan kan lára, a ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí a tó yọ ọ́; èyí tó ní orúkọ, a ó gbà á gbọ́.

Ìdí nìyí tí wáyà tó wà títí àti wáyà tó ń rìn kò fi yẹ kó ní irú nọ́ńbà kan náà. Èyí tó wà títí ni wáyà tó gba inú ògiri, inú páìpù tàbí òkè àjà, láti patch panel (pátákó oníhò tí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ń parí sí) dé ihò ara ògiri tàbí dé patch panel mìíràn. Fún Ethernet (wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà) onírin bàbà, kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 90 lọ, kò sì sẹ́ni tó ń ṣí i nípò. Òun ni kí ẹ fún ní àdírẹ́sì bíi ti òkè yìí. Wáyà kúkúrú tó so patch panel mọ́ switch (ẹ̀rọ oníhò tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) yàtọ̀: wọ́n lè yí i padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Tí àdírẹ́sì bá wà lára rẹ̀, ẹni tó ṣí i lọ sí ihò mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ àlẹ̀mọ́ méjì tuntun, kò sì ní ṣe é nígbà tí iṣẹ́ ti dúró tí gbogbo ènìyàn ń wo ojú rẹ̀. Ẹ fún un ní nọ́ńbà lásán, bíi 0417, kí nọ́ńbà náà wà ní orí méjèèjì, kí ìwé àkọsílẹ̀ sì sọ ibi tí orí méjèèjì wà lónìí. Tó bá jẹ́ rack kan ṣoṣo lẹ ní, àdírẹ́sì lára gbogbo wáyà ṣì lè rọrùn. Tó bá ti ju ìyẹn lọ, nọ́ńbà lásán ló dára jù fún wáyà kúkúrú.

Ìlànà wà fún iṣẹ́ yìí. ANSI/TIA-606 ni ti Amẹ́ríkà, ẹ̀dà D rẹ̀ jáde ní 2021. ISO/IEC 14763-2 wà fún wáyà ìbánisọ̀rọ̀ káàkiri àgbáyé, IEC 62491 sì wà fún wáyà àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. TIA-606 fẹ́ kí àlẹ̀mọ́ wà ní orí méjèèjì, kó jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kó má sì jìn ju mìlímítà 300 lọ sí ibi tí ara wáyà parí sí. Fún wáyà kúkúrú, mìlímítà 300 ti jìn jù, nítorí wáyà náà á ti wọ inú ike tí a fi ń kó wáyà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rack. Ẹ fi í sí nǹkan bíi mìlímítà 50 sí 80 sẹ́yìn orí tó ń wọ ihò, níbi tí wáyà ti tọ́ tààrà. Àlẹ̀mọ́ tó bá wà lójú ibi tí wáyà ti tẹ̀ á ṣí létí.

Irú àlẹ̀mọ́ tó yẹ dúró lórí bí wáyà ṣe nípọn tó. Fún wáyà Ethernet, èyí tó dára jù ni àlẹ̀mọ́ tó ní apá funfun tí a ń tẹ ọ̀rọ̀ sí, àti ìrù tó mọ́ bíi dígí tó ń yí bo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó rà á. Wáyà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6 ní àyíká tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 19. Apá funfun kò gbọdọ̀ ju ìyí kan yẹn lọ, ìrù náà sì gbọ́dọ̀ yí i ká tán kó tún lé díẹ̀, nítorí náà gbogbo gígùn rẹ̀ yẹ kó tó mìlímítà 40 ó kéré tán. Tí ìrù bá kúrú, ọ̀rọ̀ á wà níta, ọwọ́ á sì máa pa á rẹ́. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìlà bíi mẹ́ta, kó lè hàn láti ẹ̀gbẹ́ èyíkéyìí.

Wáyà fíbà (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ìsọfúnni) tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 tàbí 3 kò ní ara tó gba ọ̀rọ̀. Àlẹ̀mọ́ tó yọ jáde bí àsíá ni ẹ lò fún un. Nínú pánẹ́ẹ̀lì iná, rọ́bà tó ń sún kì tí ooru bá kàn án ló máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti ẹnu wáyà bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó fi orí sí wáyà náà. Ẹni tó bá gbàgbé á gé orí náà dànù, á sì tún un ṣe. Tépù bébà tí wọ́n fi báírò kọ kò yẹ ní ẹ̀yìn server: afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ ń gbẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀rọ̀ á ṣá, bébà á sì bọ́ sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ kọ́kọ́ fi isopropyl (irú ọtí kan tí a fi ń nu nǹkan) nu ibi tí ẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó sì gbẹ.

Dídì wáyà pọ̀ náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí, torí àlẹ̀mọ́ tó sin sínú ìdì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Okùn Velcro, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ni kí ẹ fi dì í. Cable tie oníke máa ń fún wáyà ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú wáyà Ethernet, okùn bàbà méjì-méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn ló sì ń mú ìdènà rẹ̀ dúró ní ohm 100. Níbi tí ike ti fún un pa, àlàfo yẹn á yí padà, apá kan àmì tó ń kọjá á ta padà, ẹ̀rọ á sì máa tún ọ̀rọ̀ fi ránṣẹ́ láìjẹ́ pé iná rẹ̀ kú. Irú àṣìṣe yìí ṣòro láti rí ju wáyà tó já lọ. Ẹ so Velcro débi tí ìka ṣì lè yí i lórí wáyà. Ẹ má tẹ wáyà Ethernet ju bí ìtẹ̀ rẹ̀ ṣe lè ní rédíọ́ọ̀sì ìlọ́po mẹ́rin ìbú rẹ̀, ìlọ́po mẹ́wàá fún fíbà. Tí wáyà náà bá ń gbé iná PoE (iná tó ń gba inú wáyà Ethernet lọ bá ẹ̀rọ), tí orísun rẹ̀ lè fúnni ní 90 watt láti ìgbà ìlànà 802.3bt ti 2018, ẹ má jẹ́ kí ìdì kan ju wáyà 24 lọ, nítorí àwọn tó wà láàárín kì í rí ibi gbé ooru wọn sí.

Ibi méjì wà tí àìsí nọ́ńbà ti ń ṣe jàǹbá tó tóbi. Àkọ́kọ́ ni wáyà iná server. Èyí tó ní ibi ìgba-iná méjì yẹ kó gba ọ̀kan láti ọ̀nà A, èkejì láti ọ̀nà B. Tí méjèèjì bá wà ní ọ̀nà A, kò sí ohun tó máa fi hàn títí ọjọ́ tí ọ̀nà A máa kú. Ẹ fi àwọ̀ méjì yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ A tàbí B sára àlẹ̀mọ́, torí kì í ṣe gbogbo ojú ló ń rí àwọ̀ bákan náà. Èkejì ni wáyà tí orí rẹ̀ kan sọ̀ sílẹ̀ láìní orúkọ. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣe dáadáa á ti í bọ ihò tó ṣófo. Tí orí kejì bá ti wà lára switch kan náà, tí ìdáàbòbò STP (ètò inú switch tó ń dí ọ̀nà tó bá yí po) kò sì ṣiṣẹ́, ìsọfúnni á máa yí ká láìdúró, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Tí ẹ bá jogún yàrá tí kò sí nọ́ńbà kankan, ẹ má yọ ohunkóhun lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí switch: LLDP (ọ̀nà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń sọ orúkọ wọn fún ara wọn) á sọ ẹ̀rọ tó wà ní òpin ihò kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ náà bá ń lò ó, tábìlì MAC (àkọsílẹ̀ switch nípa ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan) á sì ràn yín lọ́wọ́ fún àwọn tó kù. Èyí nìkan lè yanjú apá púpọ̀ láìfọwọ́ kan wáyà. Fún ìyókù, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń fi ohùn ránṣẹ́ gba inú wáyà, pẹ̀lú ọ̀pá tó ń gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ẹ yọ wáyà náà kúrò lára switch kí ẹ tó so ẹ̀rọ yìí mọ́ ọn, nítorí iná PoE lè bà á jẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ yìí gba àkókò tí àwọn tó ń lò ó ti gbà kí ó dúró. Ẹ lẹ àlẹ̀mọ́ mọ́ orí méjèèjì lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó kọjá sí wáyà tó kàn.

Ìwé àkọsílẹ̀ kò nílò ju èyí lọ: nọ́ńbà, orí kìíní, orí kejì, irú wáyà, gígùn rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dán an wò. Excel tó fún yàrá kékeré. Fún èyí tó tóbi, NetBox, ètò kọ̀ǹpútà fún irú àkọsílẹ̀ yìí, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016, kò ní gbà kí wáyà méjì wà nínú ihò kan. Ẹ tún un kọ kí ẹ tó kúrò nídìí rack. Lóṣooṣù, ẹ mú wáyà mẹ́wàá láti inú ìwé, ẹ lọ wò wọ́n lójú. Tí méjì bá yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ, ẹ yẹ gbogbo rack náà wò. Wáyà tó bá sì ti kú, ẹ fà á jáde látòkè délẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé ó ti kúrò, ẹ má sì fún òmíràn ní nọ́ńbà rẹ̀, nítorí àwòrán àtijọ́ tó ní nọ́ńbà yẹn á ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kan.