Kí Ẹ Tó Kó Ẹrù Lọ Sábẹ̀ẹ́ Nítorí Iṣẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó fi ìwé kan tó ti ká sí ọ̀nà mẹ́rin lé orí tábìlì mi. "Tàǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ ni wọ́n fún un ní Sábẹ̀ẹ́ (Savè), ìlú kékeré kan láàárín Bẹ̀nẹ̀, 90 000 sẹ́fà lóṣù. Níbi tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, 60 000 ló ń gbà. Inú rẹ̀ ń dùn, ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù. Mo ka ìwé náà tán, mo wá bi í ní ohun tí kò sí nínú rẹ̀: "Bí ilé-iṣẹ́ yìí bá dá owó rẹ dúró fún oṣù mẹ́ta, ta ló tún wà nílùú yẹn tó lè gbà ọ́ síṣẹ́?"

Ó wò mí títí. Kò rí èsì fọ̀.

Iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ni mo ń ṣe, ó ti pé ọdún méjìlélógún. Mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ ni mo fi gbé Sábẹ̀ẹ́, mo sì fẹ́ràn ìlú náà dọ́kàn. N kò kọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mú ìwé wá bá mi, owó oṣù nìkan ni wọ́n ń wò, nígbà tó jẹ́ pé ní ìlú tí ọwọ́ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀, ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni iye tí yóò ná an láti kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó ọ̀hún náà. Nínú 90 000, CNSS, àjọ ìjọba tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, á mú ìdá 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí jẹ́ 3 240. Owó orí tí à ń pè ní ITS kì í kan 60 000 àkọ́kọ́. Láti ibẹ̀ dé 150 000, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni, nítorí náà ó mú 3 000 lórí 30 000 tó kù. Ohun tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ ni 83 760. Ní Àjàṣẹ́, CNSS mú 2 160 nínú 60 000 rẹ̀, ITS ò mú nǹkan kan, 57 840 ló ń gbé lọ sílé. Èrè ibẹ̀ wá jẹ́ 25 920, kì í ṣe 30 000 tó ti ń ná lọ́kàn. Ìyàwó rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní ọjà Ouando. Oníbàárà tó ti fi ọdún mẹ́fà kó jọ, kò lè dì wọ́n mọ́ ẹrù. Mo ní kó lọ bi í léèrè iye tó ń mú wálé lóṣù, kó sọ òótọ́. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ní ó ju 25 920 lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ lọ, ilé wọn á rẹ̀yìn láti oṣù àkọ́kọ́.

(Bí ìwé tí wọ́n fún yín bá ní owó tó kéré sí 52 000 fún iṣẹ́ odindi oṣù, ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín. Láti oṣù kìíní 2023 ni iye yẹn ti jẹ́ owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Bẹ̀nẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ ìlú fúnra rẹ̀ wá kù. Sábẹ̀ẹ́ jìnnà sí Kútọnu tó nǹkan bí 250 km. Ojú irin tó gùn ní 438 km láti Kútọnu dé Parakou gba àárín rẹ̀ kọjá, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin náà ṣì ń kó èrò, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń fi oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ rán ọmọ níléèwé. Ọkọ̀ èrò ti dákẹ́ tipẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1970, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà sílẹ̀ níbẹ̀. Láti 2003, ilé-iṣẹ́ kan láti Ṣáínà ló háyà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gé ìrèké tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni owó máa ń yí ìlú po. Kájú náà, láti nǹkan bí oṣù kejì sí ìkarùn-ún ni. Tí òjò bá ti wá dé, oko iṣu àti àgbàdo ló kù, owó oko kì í sì í tètè dọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìgboro. Ẹ tún fi ẹnubodè kún un. Láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 tí Nàìjíríà fi ti ẹnubodè rẹ̀, mo wà níbẹ̀. Mo rí ẹni tó ń gba odò Ọ̀pàrà tó wà ní ààlà Nàìjíríà ṣòwò láti kékeré tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí n bá òun wá iṣẹ́ ọdẹ ilé.

Ohun tí mò ń fẹ́ kó yé yín rèé. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ìkòkò kan ni gbogbo èèyàn ti ń bù jẹ, ojú wa ni kò tètè rí i. Òṣìṣẹ́ gba owó, ó ra àkàrà, ó san owó ilé, ó gun zẹ́mì (ọ̀kadà), ó gé irun. Alákàrà fi owó rẹ̀ ra ẹ̀wà, onílé fi tirẹ̀ pe bíríkìlà. Lọ́jọ́ tí owó òṣìṣẹ́ bá dúró, kò ní pé ọ̀sẹ̀ méjì kí alákàrà tó bẹ̀rẹ̀ sí dín kékeré. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ta ko ìmọ̀ràn tí gbogbo èèyàn ń fúnni pé, "Ẹ jẹ́ kí ìyàwó ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, ẹ ó máa rí i jẹ." Ní ìlú ńlá, òótọ́ ni. Ní ìlú oníkòkò kan, ọjọ́ kan náà ni iṣẹ́ ọkọ àti ọjà ìyàwó máa dákẹ́. Bí ìyàwó bá wà ní Ouando, ìkòkò míì ló ń bù nínú rẹ̀.

Àjọ dídá náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá tí wọ́n jọ ń dá àjọ, ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ti ń gbowó. Oṣù tí owó pẹ́, kò sẹ́ni tó rí dá, ẹni tó kàn kò sì rí kó, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ó nílò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń jẹun láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bá dá àjọ: ẹni tó ń ran aṣọ fún ọmọ iléèwé, ẹni tó ń ta iṣu fún àwọn ará Kútọnu, olùkọ́ ìjọba.

Ẹ lọ wo ìlú náà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má lọ lásìkò ìrèké, torí gbogbo nǹkan ló máa ń dán nígbà náà. Ẹ lọ ní oṣù keje tàbí ìkẹjọ, kí ẹ sùn síbẹ̀ ní òru méjì, ó kéré tán. Ẹ bi oní-zẹ́mì ní iye tó ń pa lójúmọ́. Ẹ bi onílé pé ìgbà wo ni ẹni tó gbé yàrá náà kẹ́yìn jáde, kí ló sì lé e. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni obìnrin tó ń ta ìrẹsì, òróró àti mílíìkì ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, nítorí ìwé gbèsè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, okùn ni wọ́n fi so bíírò mọ́ ọn. Orúkọ á wà lápá òsì, iye lápá ọ̀tún. Tí oníbàárà bá san, obìnrin náà á fa ìlà gun orúkọ rẹ̀. Nínú oṣù tó dára, ojú ewé á kún fún ìlà. Ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí orúkọ kà. Ìyálájà kan tó fẹ́ràn mi ṣí tirẹ̀ hàn mí nínú ọdún tí nǹkan le: ojú ewé mẹ́rin tẹ̀ léra, orúkọ mọ́ gaara látòkè délẹ̀, kò sí ìlà lórí ìkankan. Mo rí orúkọ ọ̀gá ẹ̀ka kan níbẹ̀, 1 500 sẹ́fà fún ìrẹsì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé owó tó ń pẹ́ kò ní tètè padà bọ̀ sípò, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ilé-iṣẹ́ tó pe ìpàdé láti sọ fún wa. Ẹ má bèèrè láti ka ìwé olóhun. Ẹ kàn ra nǹkan díẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ bi í pé, "Ìyá, àwọn oníbàárà yín ń san báyìí?" Á sọ fún yín.

Lórí ìwé iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ wo bóyá àdéhùn onígbà ni tàbí èyí tí kò ní òpin. Ọ̀pọ̀ tí mò ń rí jẹ́ onígbà. Òfin tí wọ́n ṣe lóṣù kẹjọ 2017 gba agbanisíṣẹ́ láyè láti máa tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe léraléra, nítorí náà èèyàn lè ṣe ọdún mẹ́wàá níbi iṣẹ́ kan lórí ìwé ọdún kan ọdún kan. Ẹ bèèrè ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ ẹrù ní àlọ, kí ẹ sì bèèrè ti àbọ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kejì, ẹ lọ sí CNSS fúnra yín láti wò ó bóyá orúkọ yín ti wọlé. Wọ́n lè máa yọ owó náà lórí yín kó má dé ibẹ̀.

Ilé, ẹ háyà. Òfin 2018 lórí ilé gbígbé ti fi ààlà sí owó àsansílẹ̀ tí onílé lè gbà, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pé ẹ jẹ́ àlejò gba owó ọdún kan lọ́wọ́ yín. Ẹ bèèrè omi kí ẹ tó bèèrè iná. Orí àpáta ni Sábẹ̀ẹ́ jókòó lé, àwọn òkè ńlá tí ẹ ń wò yẹn, wọ́n wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n bá gbẹ́ ni omi ti ń jáde.

Ilẹ̀ rírà ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Ọdún kejì mi ní Sábẹ̀ẹ́ ni mo ra ilẹ̀ kan. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí irú rẹ̀ jẹ́ ní Àjàṣẹ́, mo rò pé mo ti ṣoríire. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé-iṣẹ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ dá owó wa dúró fún oṣù mẹ́ta. Ìyá mi ń ṣàìsàn ní Àjàṣẹ́, mo fẹ́ padà sílé. Mo gbé ilẹ̀ náà síta kí n lè rówó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́fà ti gbé tiwọn síta ṣáájú mi, kò sí ẹni tó ń rà. Ìgbà náà ló tó yé mi pé ohun kan náà tó mú kí ilẹ̀ ìlú yẹn rọrùn láti rà ló mú kó ṣòro láti tà. Ìyá mi kú kí n tó dé. Mo ṣì ní ilẹ̀ yẹn di òní.

Nítorí náà, lọ́dún méjì àkọ́kọ́, ẹ má ra ilẹ̀. Tí ẹ bá wá fẹ́ rà nígbà tó yá, òfin ilẹ̀ wa tó jáde ní 2013 ló dá ANDF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, sílẹ̀. Ẹ lọ bá wọn wádìí ìwé ilẹ̀ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Dípò ilẹ̀, owó àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ní. Ohun tí mo ń pè bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ oṣù mẹ́ta, owó ilé oṣù mẹ́ta, àti owó ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù yín padà. Ẹ kó o jọ kí ẹ tó lọ, tàbí kí ẹ máa yọ ọ́ nínú owó oṣù láti oṣù àkọ́kọ́, kí ó wà níbi tí ọwọ́ yín ò ti ní tètè tó o. Ẹ má fi yá ọ̀rẹ́, ẹ má fi ra alùpùpù. Ẹni tó ní owó àbọ̀ lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ oore ìlú kékeré náà. Lóru ọjọ́ kan tí ibà mú ọmọ mi débi pé ó ń gbọ̀n, aládùúgbò tí n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa ló gbé wa sẹ́yìn alùpùpù lọ sílé ìwòsàn, ó dúró tì wá di àárọ̀, ó sì kọ owó epo tí mo fún un. Ní Sábẹ̀ẹ́, bí ẹ bá ti kí àwọn àgbà àdúgbò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èdè wọn láìfi rẹ́rìn-ín pé kò jọ ti Àjàṣẹ́, ẹ ti di ọmọ ilé. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ìlú náà ń wá, ẹ̀rọ títúnṣe, ìgbẹ̀bí, iná, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sinmi. Mo rọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ láti lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ wo Sábẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹjọ, ó sùn síbẹ̀ ní òru mẹ́ta. Ó rí ilé-iṣẹ́ ìlọ̀ àgbàdo méjì àti oníkájú kan tí ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ tí kò sẹ́ni tó tún un ṣe, ó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ó gba iṣẹ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ tú ẹrù tó ti dì, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ouando, wọ́n sì jọ fẹnu kò pé tí ọdún kan bá pé, àwọn ó tún un ṣírò. Kó tó wọkọ̀, ó yà lọ́dọ̀ mi, ó fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù: àkáǹtì tuntun tó ṣí, 40 000 ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Tàǹtí, ó ku oṣù méjì."

Mo ní kó má fi káàdì rẹ̀ sápò.