Ẹ̀fẹ̀ inú ọ̀fọ̀: kí ni wọ́n ń pè ní dark humour?

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dark humour kò jìnnà síyẹn: kí òǹkọ̀wé mú ikú, òfò tàbí ìwà ìkà, kó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀rín á fi bọ́ lẹ́nu ẹni. Èmi ń pè é ní ẹ̀fẹ̀ inú ọ̀fọ̀. Humour noir ni lédè Faransé, André Breton, òǹkọ̀wé ará Faransé, ló sì gbé orúkọ yẹn jáde nígbà tó ṣe àkójọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1940.

Àgbà ti dé sí mi kí n tó mọ̀ pé ó wà nínú ìwé ọmọdé. Mo mú ìwé ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan kí oorun lè gbé mi, n kò sì sùn mọ́. A Series of Unfortunate Events ni, ìwé 13 tí Daniel Handler, ará Amẹ́ríkà, kọ láàárín ọdún 1999 sí 2006 lábẹ́ orúkọ Lemony Snicket.

Àwọn ọmọ Baudelaire mẹ́ta, Violet, Klaus àti Sunny tó ṣì wà lọ́wọ́, ń ṣeré létí òkun nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Poe dé bá wọn. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, ó sì máa ń wúkọ́ ṣáá sínú aṣọ ìnujú. Ó ní iná ti jó ilé wọn, bàbá àti ìyá wọn sì ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀ ńláńlá ló fi sọ ọ́. Kí àwọn ọmọ tó mí kanlẹ̀, ó tún ń ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún wọn! Inú bí Klaus, ó ní àwọn mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ náà ni omi ti lé ròrò sí mi lójú. Ẹ wò ó dáadáa, kì í ṣe àwọn ọmọ òrukàn là ń rín. Àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ là ń rín. Bí ẹ̀rín bá lọ sórí ẹni tí nǹkan ṣe, yẹ̀yẹ́ nìyẹn, ìkà sì ni.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, Count Olaf, ìbátan tó ń lé ogún wọn kiri, á máa para dà. Àwọn ọmọ á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn àgbà kò ní gbà. Òǹsọ̀tàn pẹ̀lú á máa bẹ òǹkàwé pé kó gbé ìwé sílẹ̀, nítorí ìbànújẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀, kò sì parọ́ fún ọmọdé rárá pé ayé dùn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bi ọmọ mi pé ibo ló pa á lẹ́rìn-ín jù. Ó ní ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Poe létí òkun ni. "Mọ́mì, báyẹn náà lẹ̀yin àgbà máa ń ṣe."