Ebi, ọ̀wọ́n, ìyàn: kí ni wọ́n ń wọ̀n kí wọ́n tó sọ pé ìyàn mú ní Sudan?

Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ àìróúnjẹjẹ ṣeré. Ebi wà tó jẹ́ pé àwo àmàlà kan ti lé e lọ. Ọ̀wọ́n wà, tí gàárì kún ọjà ṣùgbọ́n tí owó ọwọ́ ẹni kò ká a. Ọ̀dá ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò ni. Ìyàn wá ni baba gbogbo wọn. Nítorí náà, bí rédíò bá ní ìyàn ti mú ní Sudan, a máa ń rò pé ebi tó pọ̀ jọjọ ni wọ́n ń sọ. Lẹ́nu àwọn tó ń ṣètò ìrànlọ́wọ́, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn kì í pe orúkọ ìyàn láìwọ̀n ọ́n.

IPC (Integrated Food Security Phase Classification) ni orúkọ òṣùwọ̀n náà, òun ni wọ́n fi ń mọ bí ebi ṣe le tó. Ìpele márùn-ún ló ní, ìyàn ló wà ní ìkarùn-ún. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Nínú agboolé 100, ó kéré tán 20 ni oúnjẹ ti tán pátápátá mọ́ lọ́wọ́. Nínú ọmọdé 100 tí kò tíì pé ọdún 5, 30 ti rù hangogo. Ẹ̀kẹta: nínú èèyàn 10,000, ebi àti àìsàn tó bá ebi rìn ń pa èèyàn 2 lójúmọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìkẹta yẹn kà. Ní àgọ́ tí èèyàn 500,000 bá wà, òkú 100 nìyẹn lójúmọ́ kan. Ìkìlọ̀ kọ́ ni ìkéde ìyàn o. Òkú ti sùn kí wọ́n tó ṣe é. Ìpele kẹrin pàápàá ń pa èèyàn, àmọ́ kì í sábà dé ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú ìròyìn. Bí ogun kò bá sì jẹ́ kí àwọn tó ń wọ̀n ọ́n wọlé, ìyàn lè mú kí ẹnikẹ́ni má pè é lórúkọ.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìyàn ti mú ní àgọ́ Zamzam, nítòsí ìlú El Fasher ní Darfur, ní ìwọ̀-oòrùn Sudan. Ẹ má wo ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni ọmọ ogun ìjọba tí Ọ̀gágun al-Burhan ń darí àti RSF (Rapid Support Forces), ikọ̀ ajagun tí Hemedti ń darí, ti ń jà. RSF ká El Fasher mọ́ láti ọdún 2024 títí wọ́n fi gbà á ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ìjọba náà, ní tirẹ̀, ti ẹnubodè Adré tí ọkọ̀ oúnjẹ ń gbà wọlé láti Chad fún oṣù mélòó kan. Nínú El Fasher nígbà tí wọ́n ká a mọ́, ambaz ló kù tí wọ́n ń jẹ: pàǹtí ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Irú pàǹtí yẹn la fi ń ṣe kúlíkúlí, ṣùgbọ́n ta ló ń fi kúlíkúlí nìkan tọ́mọ?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní àánú, tó di ẹ̀tọ́. Àdéhùn tí wọ́n fi kún ti Geneva, òfin ogun àgbáyé, ní ọdún 1977 ka fífi ebi jagun léèwọ̀: ẹnìkan kò gbọdọ̀ ba oko, omi mímu tàbí oúnjẹ aráàlú jẹ́ nítorí àtifi ebi pa wọ́n. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún un sọ ní ọdún 2018.

Síbẹ̀, ìkéde ìyàn kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, bí ìròyìn ṣe fẹ́ jáde pé ìyàn ti ran dé àwọn àgọ́ míràn àti Òkè Nuba, ìjọba Sudan ní àwọn kò bá ètò IPC ṣe mọ́. Ó jọ ẹni tó ń bínú sí òṣùwọ̀n torí pé ẹrù rẹ̀ wúwo.

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kò tilẹ̀ dúró de ìkéde. Wọ́n dá ilé ìdáná tí wọ́n ń pè ní takaya sílẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé abọ́ wá. Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ̀pọ̀ nínú wọn paná.