Bí Àwọn Ẹ̀dá Ṣe Ń Pín Àyè Láàárín Ara Wọn

Tí a bá mọ̀ pé inú igbó tàbí inú odò ni ẹranko kan ń gbé, a ò tíì mọ bó ṣe ń rí ayé gbé. Ohun tó ń jẹ, àsìkò tó ń jáde, ooru àti omi tí ara rẹ̀ gbà, ibi tó ń bímọ sí, àwọn tó ń pa á jẹ: gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni àwọn onímọ̀ àyíká ń pè ní niche. Ní 1957, onímọ̀ àyíká kan, G. Evelyn Hutchinson, pín in sí ọ̀nà méjì. Èkíní ni gbogbo àyè tí ara ẹ̀dá náà lè gbà bí kò bá sí ẹni tó ń bá a dù ú. Èkejì ni èyí tó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn tí àwọn aládùúgbò bá ti gba tiwọn. Èkejì yìí ló máa ń tan ni jẹ, torí ẹni tó bá wo ẹ̀dá kan níbi tó wà á rò pé ibẹ̀ ló wù ú.

Onímọ̀ àyíká mìíràn, Joseph Connell, fi èyí hàn ní etíkun Scotland, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1961. Barnacle ló lò, ẹ̀dá kékeré oníkarawun tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta títí tó fi máa kú. Oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Chthamalus ń gbé apá òkè àpáta, níbi tí omi kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Balanus, tó tóbi jù ú lọ, ń gbé ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ Chthamalus máa ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ náà. Kí ló dé tí wọn kì í dàgbà níbẹ̀? Connell ha Balanus kúrò lára apá kan àpáta, ó fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbi tó ha, Chthamalus gbé ìsàlẹ̀ láìsí wàhálà. Níbi tí kò ha, Balanus tó ń yára dàgbà bò wọ́n mọ́lẹ̀, tàbí kó gba abẹ́ wọn ṣí wọn kúrò lára àpáta, tàbí kó fún wọn pa. Balanus fúnra rẹ̀ ò lè gun òkè, torí pé gbígbẹ ló máa gbẹ kú nígbà tí omi bá fà. Oòrùn ló pààlà fún ẹni ńlá. Ẹni ńlá ló pààlà fún ẹni kékeré.

Nínú ìgò, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1934, onímọ̀ kan, G. F. Gause, ṣàlàyé bí òun ṣe kó oríṣi Paramecium méjì, ẹ̀dá tíntìntín inú omi, tó ń jẹ bakitéríà kan náà pọ̀: ọ̀kan kú tán. Nígbà tó kó èyí tó kú náà pọ̀ mọ́ òmíràn tó ń jẹun nísàlẹ̀ ìgò, àwọn méjèèjì wà láàyè.

Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ọ̀run kọ́ ni ẹyẹ ti ń jẹun. Robert MacArthur ṣọ́ oríṣi ẹyẹ kéékèèké márùn-ún tó ń ṣa kòkòrò jẹ lórí igi kan náà, ó sì rí i ní 1958 pé wọ́n ti pín igi ọ̀hún: òmíràn ń wá tirẹ̀ ní ṣóńṣó òkè, òmíràn nísàlẹ̀, nítòsí ìtì igi. Ààlà náà ò gún, wọ́n ń wọ inú ti ara wọn.

Ẹ̀dá tó ń pa ẹlòmíràn jẹ pàápàá lè la àyè sílẹ̀ fún àwọn tó kù. Ní Makah Bay, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Robert Paine ń yọ starfish, ẹ̀dá òkun tó rí bí ìràwọ̀, tó ń jẹ mussel, ẹ̀dá oníkarawun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, kúrò lórí àpáta kan. Nínú àbájáde tó gbé jáde ní 1966, oríṣi ẹ̀dá 15 tó wà níbẹ̀ ti di 8, torí mussel ń gba gbogbo ojú àpáta. Ẹni tí a rò pé apanijẹ lásán ni, òun gan-an ni kò jẹ́ kí alágbára kan ṣoṣo jogún ibẹ̀.

Aládùúgbò mìíràn tiẹ̀ máa ń fẹ àyè lójú. Bakitéríà inú kókó gbòǹgbò ẹ̀wà ń sọ nitrogen inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà sì ń fún bakitéríà náà ní ṣúgà. Bí ẹ̀wà ṣe ń hù lórí ilẹ̀ tó ti ṣá nìyẹn. Síbẹ̀, bí nitrogen bá ti pọ̀ nínú ilẹ̀, ẹ̀wà kì í fi bẹ́ẹ̀ so kókó náà mọ́.