Ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ kò kú: ohun tí òfin sọ, àti bí ìjọba ṣe kó ìbẹ̀rù sí wa lára

Kò pẹ́ kò jìnnà tí ẹnìkan kì í wọ ọ́fíìsì èmi agbẹjọ́rò wá béèrè bóyá ẹgbẹ̀rún náírà àtijọ́ ṣì jẹ́ owó. Awakọ̀ kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ èrò, oní-POS ní òun ò gbà á, ìyá tó ń ta èlùbọ́ yẹ̀ ẹ́ wò níwá-lẹ́yìn kó tó jù ú sínú àpò. Bí ọdún bá ti ń parí lọ, ariwo a tún gba orí WhatsApp pé ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni gbèdéke, kí kálukú tètè kó tirẹ̀ lọ sí báńkì. Èsì kan náà ni mo ń fún gbogbo wọn: owó náà kò kú. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà wí. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣàdédé wá. Ìjọba ló kó o sí wa lára, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 sí oṣù Kẹta ọdún 2023, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe ń jó rẹ̀yìn, kó wo àwọn oṣù yẹn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òfin. Òfin Báńkì Àpapọ̀, ìyẹn CBN, ti ọdún 2007, ní abala 20, fún báńkì náà lágbára láti pe owó èyíkéyìí padà. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin kò fún un lágbára náà lásán. Ààrẹ gbọ́dọ̀ pàṣẹ, báńkì náà sì gbọ́dọ̀ ta aráàlú lólobó fún àkókò tó mọ́gbọ́n dání. Bí àkókò náà bá pé, owó ọ̀hún kò ṣe é ná lọ́jà mọ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pọ̀ kò kà: CBN ṣì gbọ́dọ̀ gba owó náà lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un wá, kó sì san iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ohun tó ń parí ni níná rẹ̀ lọ́jà. Iye owó yín kò parí. Òfin kò gba ìjọba láyè láti gbé owó yín mì. Ó ń dùn mí pé àwọn kan fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àtijọ́ gba ẹgbẹ̀rún méje tuntun nígbà náà nítorí pé kò sẹ́ni tó ka gbólóhùn yẹn fún wọn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà CBN kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún. Owó tuntun yóò jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá, ti àtijọ́ yóò kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Ó ṣàlàyé pé nínú ₦3.23 tírílíọ̀nù tó wà nígboro, ₦2.73 tírílíọ̀nù ni kò sí nínú àpótí báńkì. Ó tún mẹ́nu ba ayédèrú owó àti owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ajínigbé ń gbà. Mi ò ní pe àwọn ìdí wọ̀nyí ní irọ́. Ẹni tí wọ́n ti jí ọmọ rẹ̀ gbé rí mọ̀ pé owó tó wà lọ́wọ́ ni wọ́n ń béèrè. Àmọ́ ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìkéde náà, Zainab Ahmed, mínísítà fún ètò ìnáwó, sọ fún àwọn aṣòfin àgbà pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà tó iṣẹ́ ìránṣẹ́ òun létí. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí a fi ṣọ́ àpò orílẹ̀-èdè gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan náà tí alátà ní Ọjà Ọba gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ tí owó tuntun jáde sí ọjọ́ tí wọ́n ní ti àtijọ́ yóò kú, ọjọ́ 47 péré ni. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Ìlú Ọba lè jẹ́rìí sí bí tiwọn ṣe rí: ogún pọ́n-ùn oníke jáde ní oṣù Kejì ọdún 2020, oníbébà kò sì kúrò lọ́jà títí di ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Títí di òní, ẹni tó bá rí oníbébà kan lábẹ́ ẹní lè mú un lọ sí Bank of England kó gba pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà tó bá sì rántí oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun yí àwọ̀ náírà padà wéré tí wọ́n ti ẹnubodè pa, mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọn yóò fi ìkánjú ṣe é fún wa.

Lẹ́yìn náà ni àṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí àṣẹ. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, CBN ní ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ gbà ju ₦100,000 lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, àti ₦20,000 lójúmọ́ lẹ́nu ATM, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 9 oṣù Kìíní. Kó tó di ọjọ́ náà rárá, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, wọ́n sọ ọ́ di ₦500,000 lọ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní, nígbà tó ku ọjọ́ méjì, wọ́n sún gbèdéke owó àtijọ́ sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Kò sí èyí tí kò mú ara tu àwọn ènìyàn díẹ̀ nínú àwọn àyípadà yẹn. Ohun tí mo bínú sí ni pé ẹni tó pa àṣẹ mọ́, tó tò lórí ìlà láti àárọ̀ kùtù kó lè kó owó rẹ̀ lọ sí báńkì kí ọjọ́ tó pé, òun ló wá di ẹni tí kò rí owó ná. Wọ́n gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò fún un ní tuntun.

Owó tó wà nígboro, tó lé ní ₦3 tírílíọ̀nù nígbà tí ọdún 2022 ń parí, ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦982 bílíọ̀nù nígbà tí oṣù Kejì ọdún 2023 fi parí. Oníbàárà mi kan ń ta tòmátì ní ọjà Bódìjà. Ọkọ̀ akẹ́rù kó tòmátì dé láti Òkè Ọya, owó sì wà nínú àkáǹtì ìyá yìí dáadáa. Ó fi owó ránṣẹ́ sí awakọ̀, wọ́n yọ ọ́ lára tirẹ̀, àmọ́ àlẹ́ẹ̀tì kò wọlé sórí fóònù awakọ̀. Awakọ̀ ní òun ò ní já ẹrù láìjẹ́ pé òun rí owó. Ó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tún yọ ọ́. Lọ́dọ̀ oní-POS, ìdá ogún sí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó ka owó tuntun síni lọ́wọ́, oní-POS ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò sì ní tó iye tí ìyá náà ń wá. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi pupa ti ń ro láti ìdí apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ náà. Ó gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó fi àlẹ́ẹ̀tì méjèèjì hàn mí, ó ní, “Lọ́yà, ọmọ mi, ta ni kí n wá mú lọ sí kóòtù báyìí?”

Ìbéèrè ńlá ni. A kọ̀wé sí báńkì rẹ̀, owó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì padà wá lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Tòmátì kò padà. Láti pe CBN lẹ́jọ́ lórí ìyókù, kóòtù ìsàlẹ̀ ni ìyá náà yóò ti bẹ̀rẹ̀, ọdún á gorí ọdún, owó agbẹjọ́rò á sì ju owó tòmátì lọ. Ìdí nìyí tí inú ṣe bí àwọn mìíràn títí tí wọ́n fi jáde sí ìgboro ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní Ṣàgámù, tí báńkì fi fara gbá a. Orí òṣìṣẹ́ báńkì ni ìbínú náà já lé, àwọn tí wọn kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀.

Àwọn ìpínlẹ̀ ló ní ọ̀nà àbùjá. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 232, gba ìpínlẹ̀ láyè láti gbé ìjọba àpapọ̀ lọ tààrà sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Kàdúná, Kogí àti Zamfara ló kọ́kọ́ lọ, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 2023. Èkó, Ògùn, Oǹdó àti Èkìtì wà lára àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ẹdó àti Bayelsa gbè sẹ́yìn ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni pé ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, gómìnà kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Síbẹ̀ mo dúpẹ́ pé wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 8, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ìjọba má tíì fi gbèdéke náà múlẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́. Ní ọjọ́ 16, nígbà tí àṣẹ yẹn ṣì wà nílẹ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ní igba náírà àtijọ́ nìkan ló ṣe é ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún ti kọjá lọ.

Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Adájọ́ méje ló jókòó, ohùn wọn sì ṣọ̀kan. Wọ́n ní ìjọba kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ìpínlẹ̀, kò sì ta aráàlú lólobó bí òfin ṣe wí, nítorí náà gbogbo owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Wọ́n sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé bí Ààrẹ kò bá tẹ̀ lé àṣẹ kóòtù, ìjọba tiwa-n-tiwa ti di orúkọ lásán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló dùn mí ju gbèdéke fúnra rẹ̀ lọ. Abala 287 ìwé òfin sọ pé gbogbo aláṣẹ àti gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ yẹn ṣẹ. Kò ní kí wọ́n dúró de lẹ́tà kankan. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ báńkì ní àwọn ń retí CBN, CBN kò sì fọhùn. Ìdájọ́ ti jáde, ìyá tó ń ta tòmátì kò sì lè fi ẹgbẹ̀rún kan ra búrẹ́dì. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko nìyẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni ọ́fíìsì Ààrẹ wá sọ pé òun kò ní kí ẹnikẹ́ni tàpá sí ìdájọ́, ní ọjọ́ kan náà sì ni CBN wá pàṣẹ fún àwọn báńkì. Bí Ààrẹ kò bá dí wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n dúró dè? Kóòtù lè tún àṣẹ tí kò dára ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kóòtù tó ga jù lọ bá ń dúró de ẹni tí yóò fún un láyè kó tó dé ọjà, mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè darí oníbàárà mi sí.

Gbèdéke tí kóòtù dá náà ti kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fágbèmí, ló tọ ilé ẹjọ́ náà lọ, wọ́n sì gbà pé kí owó àtijọ́ àti tuntun jọ máa lọ pọ̀ láìní ọjọ́ ìparí, títí tí ìjọba yóò fi ṣe ìfikùnlukùn tó yẹ. Ariwo WhatsApp kò lè yí ìyẹn padà. Bí ẹnìkan bá sọ pé CBN ti kéde ọjọ́ tuntun, ẹ béèrè lẹ́tà náà: ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́, ta ló fọwọ́ sí i, ṣé ó wà lórí ìkànnì CBN? Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má kó owó yín fún ẹni tó ń gba ẹgbẹ̀rún ní ẹ̀dínwó.

Ẹni tó bá kọ náírà tó ṣì ṣe é ná ń rú abala 20 òfin CBN. Owó ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni. Mi ò sọ èyí kí ẹ lè fà á mọ́ awakọ̀ kórópe lọ́rùn. Ẹ̀rù ló ń ba òun náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé fún un. Báńkì ni kò ní àwíjàre. Bí akàwé kan bá kọ owó àtijọ́ tí kò ya, ẹ ní kó pe ọ̀gá rẹ̀. Bí ọ̀gá náà bá kọ̀, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí báńkì náà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ka, wákàtí àti iye owó sí i, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní láti fi yanjú rẹ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN ni kí ẹ kọ̀wé sí, pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe bí wọ́n bá yọ owó lára yín tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí: ẹ ya fọ́tò àlẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì pa á rẹ́ lórí fóònù kódà lẹ́yìn tí owó bá ti padà, nítorí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ gba owó ọjà tó bà jẹ́.