Atọ́kùn ọ̀rọ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn yín?

Láti Àjàṣẹ́ títí dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwa tí a ń kọ ìtàn ní Yorùbá ṣì ń pe ọ̀rọ̀ tó ń fi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn, bíi "Bàbá ní" tàbí "ni Àbẹ̀kẹ́ wí", ní ẹ̀ǹsíìsì, torí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùkọ́ Faransé fi kọ́ wa. Àwọn ará wa tó kàwé ní Nàìjíríà ń pè é ní táàgì. N kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹnì kan tún mú "àmì olùsọ̀rọ̀" wá, ìyẹn ló burú jù. Kọ́mà ni àmì, a kì í pè é jáde lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ni "Bàbá ní" ní tirẹ̀, ẹnu ń pè é.

Atọ́kùn ọ̀rọ̀ ni èmi ń pè é. Ẹni tó bá ti wo eégún rí ní Àjàṣẹ́ mọ atọ́kùn. Òun ló ń mú eégún jáde, òun ló di àtòrì mú níwájú rẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí èrò mọ eégún ilé ta ló ń bọ̀. Síbẹ̀, eégún la wá wò. Atọ́kùn tó bá ń jó ju eégún lọ ti ba òde jẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ta kò mí, ó ní rédíò ti gba ọ̀rọ̀ náà, atọ́kùn ètò ló ń jẹ́ báyìí. Lọ́wọ́ ta ni rédíò ti gbà á? Ṣebí òde eégún náà ni. Bí rédíò bá rí i yá, ìtàn náà lè yá a. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ti mọ̀ kó tó dé ilé ìwé ni mo ń wá.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kétu kan gbé ìtàn rẹ̀ fún mi kà. Ọkọ àti ìyàwó rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ń jà lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu. "Ó ní" 9 ló wà lójú ewé kan ṣoṣo, n kò sì mọ ẹni tó ń bú ẹnì kejì. Faransé ní "dit-il" fún ọkùnrin, "dit-elle" fún obìnrin. "Ó" tiwa kò mọ akọ, kò mọ abo. Orúkọ ni kí ẹ fi ṣe atọ́kùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni, "wọ́n ní" àti "ó ní" ti tó, kò sẹ́ni tí yóò ṣì wọ́n mú fún ara wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún fa ìlà (—) bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíi Faransé, ó fi àmì àyọlò (") parí rẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan. Èmi mú àmì àyọlò. Bí atọ́kùn bá ṣáájú: Àbẹ̀kẹ́ ní, "Mo ń bọ̀." Bó bá kẹ́yìn, kọ́mà á wà nínú àmì àyọlò: "Mo ń bọ̀," ni Àbẹ̀kẹ́ wí. Bó bá jẹ́ ìbéèrè, ẹ má fi kọ́mà kún un: "Ṣé o ń bọ̀?" ni Àbẹ̀kẹ́ bèèrè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "wí Àbẹ̀kẹ́". Faransé ló ń to ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ni" wa ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn tipẹ́, ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ "Báyìí ni Olúwa wí."

Èyí tó dùn mí jù ni "òun". Ó kọ ọ́ báyìí: Àbẹ̀kẹ́ ní, "Òun ń bọ̀." Òun wo? Bí àmì àyọlò bá ti ṣí, ẹnu Àbẹ̀kẹ́ gan-an la ń gbọ́, "mo" ni yóò sì sọ. Bó bá jẹ́ "òun" lẹ fẹ́, ẹ yọ àmì náà kúrò: Àbẹ̀kẹ́ ní òun ń bọ̀. "Òun" yẹn nìkan ti fi ẹni tó ni ọ̀rọ̀ hàn, èdè púpọ̀ ni kò ní irú rẹ̀, àwa la wá ń fi àmì àyọlò bà á jẹ́.

Níparí ìjà náà, ìyàwó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Kó ẹrù rẹ jáde nílé bàbá mi." Ọmọkùnrin náà wá fi "ni ó fi ìbínú ńlá bú ramúramù" tẹ̀ lé e. Mo fa ìlà pa á, mo kọ "ni Àbẹ̀kẹ́ wí" sórí rẹ̀.