Akíntọ́lá Takú: Èpò Àlejò Tó Gba Orúkọ Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́

Èpò tí à ń pè ní Akíntọ́lá takú kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, láti Mẹ́síkò lọ sí gúúsù. Ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà: irúgbìn rẹ̀ há sáàárín irúgbìn igi mẹ́líínà tí wọ́n kó wá láti Síláńkà. Irúgbìn èpò yìí tín-ín-rín, kò gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, irun funfun wà lórí rẹ̀ tí ọyẹ́ fi ń gbé e kiri. Ibi tí wọ́n bá ti ro ilẹ̀ sílẹ̀ tàbí la títì ló ti máa ń kọ́kọ́ hù.

Ní oṣù karùn-ún 1962, Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ Ládòkè Akíntọ́lá nípò Pírẹ́míà. Akíntọ́lá takú, kò lọ. Orúkọ yẹn bá èpò tí a ṣá lónìí tó tún rú lọ́la mu. Àwọn mìíràn ń pè é ní ewé Awólọ́wọ̀, tó fi jẹ́ pé orúkọ orogún òṣèlú méjì ló wà lórí ewéko kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ já ewé kan. Iṣan mẹ́ta yà láti ìdí rẹ̀ bí ìka ẹsẹ̀ adìẹ. Ewé méjì-méjì kọjú síra lórí igi, bí a bá sì rún un, òórùn rẹ̀ le. Imí eṣú ni wọ́n sábà máa ń ṣì í mú fún, pàápàá nígbà tó ṣì kéré. Ṣùgbọ́n imí eṣú kì í ga, igi rẹ̀ rọ̀, ọdún kan ló sì ń lò. Èyí ń ga ju ènìyàn lọ, igi rẹ̀ ń le, òdòdó rẹ̀ tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀ bí àlùkò sì ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àdá nìkan kò lè ṣẹ́gun rẹ̀. Ìdí gbòǹgbò tó le, tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ni agbára rẹ̀ wà. Ẹ gé igi kan, mẹ́rin lè rú. Iná ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá òkè ló ń jó. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, kó tó tan òdòdó, kí ẹ fi ọkọ́ wú ìdí náà jáde, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ nù, kí ẹ sì dojú gbòǹgbò kọ oòrùn. Kékeré ni kí ẹ fi ọwọ́ fà á tu.

Tata aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ gidigidi. Oko ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí ni wọ́n máa ń jẹ tẹ̀lé e, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó tan òdòdó léti oko yín. Àmọ́ lórí ilẹ̀ tó ń sinmi, òjìji rẹ̀ ń pa ẹ̀kan, ewé tó sì ń rẹ̀ sílẹ̀ ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá.